Ọ́síjìn Kì í Ṣe Ti Kòrónà Nìkan

Nígbà tí ìgbì kejì àrùn Kòrónà rọ́ lu Èkó ní ìparí ọdún 2020, ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń wá kiri ni ọ́síjìn. Ní oṣù Kínní ọdún 2021, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu sọ fún àwọn ará ìlú pé ibùdó ìtọ́jú àrùn àkóràn tó wà ní Yaba, tí ó ń lo àgbá ọ́síjìn 70 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ti ń lo 350. Ìlọ́po márùn-ún nìyẹn láàárín àkókò kúkúrú. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tó tó bílíọ̀nù 6.45 náírà láti fi gbé ẹ̀rọ apèsè-ọ́síjìn 38 kalẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni àti àwọn àjọ òkèèrè náà sì ra tiwọn kún un.

Kò sí ọlọgbọ́n tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbésẹ̀ náà. Ohun tó yẹ kí ènìyàn bèèrè ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé àrùn àlejò ni ó rán ìjọba létí ohun tí àwọn aláìsàn ilé ti ń ṣàìní láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ọwọ́ tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ ní ọdún 2015 nílò ọ́síjìn gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tí Kòrónà kọlù ní Èkó ní ọdún 2021 ti nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú pópó. Àwọn wọ̀nyí ń kú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní ìdákẹ́rọ́rọ́, ní wọ́ọ̀dù tí àwọn oníròyìn kì í dé. Kò sí ẹni tí ń ka iye wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní alaalẹ́.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Ní ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́síjìn sínú àtòjọ àwọn oògùn kòṣeémánìí fún ìtọ́jú ẹnikẹ́ni tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, oògùn tí a fi ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n kà á mọ́. Nàìjíríà pàápàá ní ìwé ètò ọ́síjìn tirẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọdún 2017 sí 2022. Ìwé náà ti wà nílẹ̀ kí Kòrónà tó gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ohun tí kò tíì sí nígbà náà ni ìpayà. Nígbà tí ìpayà dé, owó jáde.

Ewu tó wà nínú owó ìpayà ni pé ẹ̀rọ ni ó máa ń rà, kì í ra iṣẹ́ tí yóò mú ẹ̀rọ náà wà láàyè. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń mí sínú, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ọ̀nà 21 péré ni ọ́síjìn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ apèsè-ọ́síjìn máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, á fún un pọ̀ pẹ̀lú agbára, á sì tì í gba àárín àwọn hóró wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní zeolite, tí ó máa ń di nitrogen mú tí ó sì ń jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá. Eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí, omi inú afẹ́fẹ́ sì tún ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú àwọn hóró náà, agbára wọn yóò dín kù. Fílítà rẹ̀ ń fẹ́ pípààrọ̀ lóòrèkóòrè. Iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí àlejò tí kò ní ìlànà. Bí iná bá lọ, dísù ló kù, àwọn tó ń ra dísù sì mọ iye tó ń jẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ó mọ inú ẹ̀rọ náà, tí ó ń gba owó oṣù, tí kò tíì sá lọ sí òkèèrè. Kò sí olóṣèlú tí ń pe àwọn oníròyìn wá síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ fílítà. Ọjọ́ ìṣíde ẹ̀rọ nìkan ni rìbọ́ǹnù wà fún.

Iṣẹ́ ìwádìí kan tún fi ohun mìíràn hàn, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìsúná fi í sọ́kàn. Ní ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn onímọ̀, tí díẹ̀ nínú wọn wá láti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, gbìyànjú láti tún ètò ọ́síjìn àwọn ọmọdé ṣe, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n kọ́kọ́ pín ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ níka láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ ọ́síjìn fúnra wọn wá. Èrè tó pọ̀ jù lọ fún àwọn ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe ló ti ibi ẹ̀rọ kékeré yẹn wá, kì í ṣe láti ibi èyí tó ń ná owó ńlá. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ojú lásán kì í tètè mọ ọmọ tí ọ́síjìn ti tán lára rẹ̀, pàápàá lára ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ìgbà tí ètè rẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ ẹni tó nílò ọ́síjìn kò lè fún un, bí àgbá tilẹ̀ kún yàrá.

Àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ènìyàn là lọ́jọ́ ìṣòro. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ti fi èyí hàn rí, ìtàn náà kò sì tíì pẹ́ tó ohun tó yẹ kí wọ́n gbàgbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ òun tó. Àrùn náà pa dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgboyà obìnrin yẹn ni ó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tó lọ wá ẹni tí àrùn ti kàn ṣáájú kí ìlẹ̀kùn tó tì ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn onílé, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí kí ọjọ́ tó ṣú. Wọ́n tọpasẹ̀ nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò ojúkojú tó tó 18,500. Bákan náà ló rí nígbà Kòrónà: yàrá àyẹ̀wò Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó ti ń yẹ àrùn Lassa wò lọ́dọọdún, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó yẹ Kòrónà wò, àwọn onímọ̀ tó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ sì ka àbùdá kòkòrò àrùn náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ti ibùsùn 110 tí wọ́n tẹ́ sí pápá ìṣeré Onikan yàtọ̀. Ó wúlò lásìkò rẹ̀. Pápá náà ti padà di ti bọ́ọ̀lù, kò sì sí ohun tó kù níbẹ̀ fún aláìsàn.

Bí a bá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tán, ó ku ti òṣìṣẹ́. Nígbà tí Kòrónà dé, 5,000 náírà lóṣù ni owó àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́ dókítà ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, tí ìgbì kẹta ń jà, àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó wọ oṣù Kẹwàá. Àwọn kan bú wọn pé wọn kò láàánú. Ṣùgbọ́n ìjọba tó rí bílíọ̀nù fún ẹ̀rọ, tí ó sì ń fi owó tí kò ra àpò ìrẹsì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà, òun ni ó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Sàúdí báyìí.

Àwọn kan á ní Kòrónà kò kúkú pa wá bí wọ́n ti bẹ̀rù, pé ikú tí ìjọba kà sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,000, nítorí náà kí wọ́n fi owó náà ṣe ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́. Àyẹ̀wò kéré, nítorí náà iye yẹn kéré sí òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá, ó ń ti ọ̀rọ̀ ọ́síjìn lẹ́yìn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà fún Kòrónà tí Kòrónà kò sì lò tán, kí òtútù àyà lò ó, kí ilé ìgbẹ̀bí lò ó. Owó rírà rẹ̀ ti lọ. Èyí tó kù láti ná kéré sí i, òun gan-an sì ni wọ́n ń ṣahun rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí aláìsàn ló ń san owó ọ́síjìn, bàbá ọmọ á sì máa sáré yá owó nígbà tí ọmọ ń mí gúlegúle. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ti ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, òfin ọdún 2022 sì sọ ìbánigbófò ìlera di dandan. Ọ̀nà wà lábẹ́ méjèèjì láti mú ọ́síjìn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ti àwọn aláboyún kúrò lọ́rùn òbí.

Nígbà tí àwọn gómìnà bá tún gbé àbá ìsúná lọ sí ilé aṣòfin, kí àwọn aṣòfin má bèèrè iye ẹ̀rọ ọ́síjìn tí ìpínlẹ̀ ní. Kí wọ́n bèèrè wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹni tí ń ra dísù rẹ̀, orúkọ ẹni tí ń tún un ṣe, ilé ìwòsàn kékeré tí àgbá rẹ̀ ń dé, àti ibùdó ìlera abẹ́lé tí kò tíì ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka. Bí kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera kò bá ní ìdáhùn lọ́wọ́, kí wọ́n dá a padà lọ wá a, kí wọ́n tó fọwọ́ sí náírà kan fún ẹ̀rọ tuntun.