Ọ̀fẹ́ Tí Tíṣà Ń Fi Owó Àpò Ara Rẹ̀ San

Ó ti di àṣà láàrin àwa ọmọ Yorùbá tí a wà lókè òkun pé, bí a bá fẹ́ ṣe ilé-ìwé tí a ti jáde lóore, a ó kó orúkọ àwọn ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà nílé lórí WhatsApp, a ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Google Classroom wà níbẹ̀, Kahoot wà níbẹ̀, Khan Academy náà kò gbẹ́yìn. Inú rere ló bí i, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lu inú rere. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí a ń kọ ránṣẹ́ yìí tí kì í jẹ́ òótọ́ mọ́ bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni "ọ̀fẹ́". Ohun tí tíṣà ní Peckham nílùú London ń lò láì san kọ́bọ̀ lè sọ tíṣà ní Ìsẹ́yìn di onígbèsè, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, wọ́n dá Oak National Academy sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tíṣà ló pèsè ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n sì fi fídíò rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni máa wò ó. BBC Bitesize ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1998. Nígbà tí wọ́n tún ti ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù gbà pé kí ọmọ tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí méjèèjì má san owó dátà, ìjọba sì pín kọ̀ǹpútà alágbèéká àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 1996 ló bí ètò E-Rate, tí wọ́n fi ń yọ díẹ̀ lára owó tí aráàlú ń san lórí tẹlifóònù láti bá ilé-ìwé gbé owó íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, kí tíṣà tó tẹ bọ́tìnnì lówùúrọ̀, a ti san owó iná, a ti san owó nẹ́tíwọ̀kì, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sì ti gba owó oṣù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ yẹn dà bí omi ẹ̀rọ: ẹni tó ṣí i kì í rí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tó ri páìpù.

Nílé, tíṣà fúnra rẹ̀ ni ìjọba, òun ni ilé-iṣẹ́ fóònù, òun náà ni olùtún-ẹ̀rọ-ṣe. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó tí wọ́n ń gbà. Inú owó oṣù kan náà tí tíṣà fi ń ra gàrí, tó fi ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ni owó dátà yìí yóò ti jáde. Ká wá mú Kahoot, eré ìbéèrè àti ìdáhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ bá a. Ìbéèrè ní láti yọ lójú ẹ̀rọ ńlá níwájú kíláàsì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń nílò ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́wọ́ tí yóò fi tẹ àwọ̀ pupa tàbí búlúù tàbí èyí tó bá bá ìdáhùn rẹ̀ mu. Gbogbo wọn ní láti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tó bá yára ló ń gba máàkì jù. Nínú kíláàsì ọmọ àádọ́ta tí kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan, tí iná sì lè lọ láàrin ìbéèrè kejì, kí ni tíṣà fẹ́ fi eré yìí ṣe? Kò sí àbùkù lára Kahoot. Ilé tí a gbé e wá ni kò bá a mu.

Èyí kò ní kí tíṣà ilé pa ojú ẹ̀rọ dé o. Ọ̀nà tí a ń gbà yan ohun èlò ló yẹ ká yí padà. Ká yé wá èyí tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù lókè òkun, ká wá èyí tí yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fóònù kan ṣoṣo tí tíṣà mú wá láti ilé, lọ́jọ́ tí kò sí iná, tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń wọ́ bí ìgbín. Irú rẹ̀ wà. Ẹ wo Plickers. Tíṣà yóò tẹ káàdì jáde sórí bébà lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú tirẹ̀. Àwòrán dúdú kan tó rí wúruwùru ló wà láàrin káàdì náà, lẹ́tà A, B, C àti D sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kéré débi pé ẹni tó jókòó tini kò lè jí i wò. Tíṣà bi ìbéèrè. Ọmọ tó gbà pé B ni ìdáhùn yóò yí káàdì rẹ̀ títí B yóò fi wà lókè, yóò sì nà án sókè. Tíṣà yóò wá gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ yí kíláàsì ká bí ẹni tó ń ya fídíò, orúkọ àwọn tó gbà á àti àwọn tó ṣì í yóò sì máa jáde lójú fóònù náà. Ọmọ tí kì í nawọ́ nítorí ìtìjú ti dáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì fi í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí Kahoot fẹ́ fi àádọ́ta ẹ̀rọ ṣe, fóònù tíṣà nìkan ti ṣe é.

Ẹ tún wo PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado Boulder ní 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Nínú ọ̀kan lára àwọn eré ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, ọmọ yóò fi ìka fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù wá síbi kan. Bí ó bá so wọ́n pọ̀ dáadáa, gílóòbù á tàn. Bí ó bá na wáyà láti orí bátìrì sí ìdí rẹ̀ láì sí gílóòbù láàrin, iná á sọ lára bátìrì. Ilé-ìwé tí kò ní yàrá ìwádìí rárá, ọmọ ibẹ̀ lè jó ogún bátìrì láàárọ̀ kan, kí ó sì mọ ìdí tó fi jó, láìsí ewu. Ẹ̀ẹ̀kan ni tíṣà yóò fa fáìlì rẹ̀ sílẹ̀; lẹ́yìn náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. GeoGebra fún ìṣirò náà rí bẹ́ẹ̀. Kolibri ló wá ṣe bẹbẹ jù: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó lè gba ẹ̀kọ́ Khan Academy pọ̀ mọ́ ìwé ìtàn ọmọdé sínú, kí àwọn ẹ̀rọ mìíràn nínú ọgbà ilé-ìwé sì máa kà á láti ara rẹ̀ láì sí ẹyọ dátà kan.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọmọ wa yóò rẹ̀yìn bí a kò bá fún wọn ní ohun tí ọmọ London ń lò gẹ́lẹ́, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Àròyé yìí lágbára, n kò sì fẹ́ gbójú fò ó. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn nílò ni kí ọwọ́ rẹ̀ mọ bọ́tìnnì, kí ojú rẹ̀ mọ bí ìbéèrè ṣe ń rí lójú ẹ̀rọ. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà nínú wọn yóò kọ́ ọ ní ìyẹn láì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì Starlink tó dé Nàìjíríà ní 2023, pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ti fẹ́ parí. Bóyá. Ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù ni kò tíì parí, bí a kò bá sì rí i, ọ̀dọ̀ tíṣà náà ni yóò tún padà sí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tó ń gba ọ̀fẹ́ lókè òkun pàápàá ti rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Edmodo bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àìmọye tíṣà ló kó iṣẹ́ kíláàsì wọn sí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n tì í pa. Lọ́dún kejì, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ó ń gba àlàyé nípa àwọn ọmọdé láì gba ìyọ̀ǹda òbí, ó sì ń fi ṣe ìpolówó ọjà. Mílíọ̀nù 6 dọ́là ni ìtanràn rẹ̀. Google náà pa Jamboard, pátákó ìkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tì ní ìparí 2024. Èyí tí wọ́n fi owó rà pàápàá kò yọ: ní 2013, ilé-ìwé ìjọba ìlú Los Angeles fẹ́ ra iPad fún gbogbo ọmọ, ètò náà sì fọ́ kí 2014 tó parí. Ọdún 2013 yẹn gan-an ni ìjọba Rauf Aregbesola ní Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. A lè bá wọn jà lórí owó àti lórí àtúnṣe. Ṣùgbọ́n lórí pé kí ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀rọ, kí ó má dúró de íntánẹ́ẹ̀tì, Ọ̀ṣun ló gba ọ̀rọ̀ yìí rò.

Kí o tó fi líǹkì mìíràn ránṣẹ́ sí tíṣà nílé, pè é. Bi í léèrè bí ọmọ ṣe pọ̀ tó nínú kíláàsì rẹ̀, irú fóònù tó ń lò, àti iye tó ń ná lórí dátà lọ́sẹ̀. Fa PhET àti GeoGebra sílẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti yá, kí o fi rán ẹni tó ń lọ sílé fún Kérésì. Tẹ káàdì Plickers jáde, kí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó lo fẹ́ ná, ra dátà táàmù kan fún un, kí o jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò fi ṣe.