Ariwo Kọ́ Ni Agbára Ohùn

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, pé bí olórin bá ṣe lè kígbe tó ni agbára ohùn rẹ̀ ṣe tó. Ìgbàgbọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀, nítorí pé òun ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ olórin máa fi ipá fa ọ̀fun ya, òun náà ló sì ń di etí olùgbọ́ sí iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù lọ nínú orin kíkọ. Àwo orin kan ṣoṣo tó láti bì í wó: Sound & Color, àwo kejì tí ẹgbẹ́ Alabama Shakes, láti ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nínú èyí tí Brittany Howard ti ń lé orin. Abẹ́ alternative rock ni wọ́n ka àwo náà sí, ìyẹn ẹ̀ka rọ́ọ̀kì tí kì í fẹ́ kí ohun tó ń tà lọ́jà máa tọ́ òun sọ́nà.

Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn, Boys & Girls, jáde ní ọdún 2012, igbe Howard ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ dì mú. Nínú àwo kejì, orin tó ṣáájú, tí àwo náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fi vibraphone bẹ̀rẹ̀, ohun èlò onírin pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀pá lù, ohùn Howard sì rọra wọlé bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Nínú "Future People", falsetto ló lò, ìyẹn ohùn tín-ín-rín tó ga ju ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ṣùgbọ́n inú "Gimme All Your Love" ni ẹ̀rí pọ̀ sí jù: gìtá àti ìlù á bú jáde, wọ́n á dákẹ́ lójijì, Howard á sì kọ ẹsẹ orin náà ní ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó tó wá ju ohùn sókè. Bí a bá yọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn kúrò, igbe náà yóò di ariwo lásán.

Àwọn tó di ìgbàgbọ́ náà mú yóò tọ́ka sí "Don't Wanna Fight", níbi tí Howard ti han gooro kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí wọ́n rò ó dáadáa. Ọwọ́ olùgbọ́ ni bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò wà. Bí ó bá yí i wálẹ̀ títí tí igbe náà fi rẹlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì í lọ, etí rẹ̀ yóò ṣì mọ̀ pé igbe ni, agbára rẹ̀ kò sì ní dín. Bí tán-án-ná, ìyẹn ìṣẹ́po ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà nínú gògóńgò, bá fún mọ́ra, tí èémí sì ń tì wọ́n láti ìsàlẹ̀, àwọn ìró kéékèèké tó ga ju ìró ìpìlẹ̀ lọ á pọ̀ sí i nínú ohùn náà, àwọn ni wọ́n sì ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ akitiyan olórin, bó ti wù kí ohùn náà rẹlẹ̀ tó. Shawn Everett tó gba ohùn wọn sílẹ̀ mọ èyí, kò sì yani lẹ́nu pé nígbà tí àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy ti alternative ní ọdún 2016, ó gba ti ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní orin kò gbọdọ̀ tún máa fi igbe ṣe òṣùwọ̀n. Igbe àṣejù tí èémí kò gbé ró dáadáa lè mú kí kókó hù sára tán-án-ná, bí èyí bá sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe igbe ni olórin sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù bí kò ṣe ohùn jẹ́jẹ́ tó ga, nítorí pé tán-án-ná tó ní kókó kì í lè pa dé pọ̀ dáadáa mọ́.