Iṣẹ́ Olùkọ́ Kò Gbọdọ̀ Bá Olùkọ́ Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò láàárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ó wúlò nínú ilé-ìwé, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó lè dá gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní láìwo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé orílẹ̀-èdè yìí, ohun tí olùkọ́ fi ọdún mẹ́wàá kó jọ kì í wà níbòmíràn ju inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, inú fóònù rẹ̀, tàbí inú fúláàṣì kékeré tí ó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá gbé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mìíràn, tàbí tí ó bá fẹ̀yìn tì, gbogbo rẹ̀ a bá a lọ. Ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìdánwò àwọn ọmọ ti dé tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ẹ̀yìn odi ju bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rò lọ. Ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, bí olùkọ́ èdè Yorùbá kan bá lọ, òmíràn kò jìnnà. Ní Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ẹni tí ó lè kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, òwe àti àṣà ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò pọ̀, ìwé rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá kó ẹrù rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì bá a lọ, ẹ̀kọ́ náà lè dópin níbẹ̀.

Àtúnṣe wà. Àká kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ lè kó fáìlì rẹ̀ sí. Cloud ni àwọn Òyìnbó ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ìkùukùu, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan ní sánmà. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí a kó jọ sínú ilé tí a kọ́ fún wọn ni ó ń tọ́jú fáìlì náà, tí ẹni tí ó ni ín sì lè ṣí i láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Bí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí olè gbé e, iṣẹ́ kò sọnù. Google Drive, tí ó jáde ní ọdún 2012, ń fúnni ní ààyè gígábáìtì 15 láìgba kọ́bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà Gmail àti àwòrán ń pín nínú ààyè kan náà. OneDrive ti Microsoft ń fúnni ní 5, Dropbox sì ń fúnni ní 2. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí a tẹ̀ kì í gba ààyè púpọ̀. Fídíò ni ó ń jẹ ààyè bí eéṣú ti ń jẹ oko. Olùkọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà pàápàá lè fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, kí ó sì kó o sínú àká náà.

Ṣùgbọ́n àká tí a da àgbàdo, ẹ̀wà àti èlùbọ́ pọ̀ sí yóò yọ ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu. Ètò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí ilé-ìwé ní fódà kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí fódà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ti kíláàsì, kí ti sáà sì wà nínú ti iṣẹ́. Kí gbogbo olùkọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa sọ fáìlì lórúkọ. Fáìlì tí a pè ní “JSS2 Yorùbá Sáà 1 Ọ̀sẹ̀ 4 Àmì Ohùn” kò nílò alálàyé; èyí tí a pè ní “Nóòtì tuntun” yóò ṣú ẹni tí ó kọ ọ́ pàápàá lójú ní ọdún tí ń bọ̀.

Ohun tí ó wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àká. Nínú Google Drive, ẹni tí ó ṣẹ̀dá fáìlì ni ó ni ín, ì báà jẹ́ pé ogún ènìyàn ni ó ń lò ó. Bí ó bá pa ojúlé rẹ̀ rẹ́, fáìlì náà di àwátì fún gbogbo wọn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, Google lè pa ojúlé aládàáni tí a kò lò fún ọdún méjì rẹ́. Nítorí náà, orúkọ ilé-ìwé ni ó yẹ kí a fi ṣí àká, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ àgbà kan. Google ní ètò ọ̀fẹ́ kan fún ilé-ìwé tí ó bá pegedé, nínú èyí tí fáìlì inú fódà àjùmọ̀ní jẹ́ ti ilé-ìwé, tí kì í bá olùkọ́ tí ó kúrò lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń fún ní àṣẹ kan náà. Àká náà fi àyè sílẹ̀ láti jẹ́ kí ẹnì kan kà lásán, kí òmíràn sọ èrò rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì ṣe àtúnṣe. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ lè ṣí sílẹ̀ fún gbogbo olùkọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ, máàkì rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sá síta bí aṣọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kò yọ ilé-ìwé sílẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé òógùn ojú àwọn ni àkọsílẹ̀ àwọn, àti pé àwọn kò lè fi ta ọ̀lẹ lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, nítorí náà kí orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá sì mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọṣe ni wọ́n fi ṣe àwọn ìwé tí wọ́n lò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àwọn mìíràn yóò ní iná kò sí, dátà sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etí òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí olùkọ́ sọ fáìlì ọ̀sẹ̀ náà kalẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ ṣáájú, kí ilé-ìwé sì ní ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Níbi yìí ni iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Owó aṣọ ẹbí ọdún kan lè ra dátà fún olùkọ́ mélòó kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ẹgbẹ́ Kánò bá ti Jọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣí àká kan fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì kan àti sáà kan. Bí olùkọ́ kan bá ṣe iṣẹ́ rere ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀, kò sí ìdí tí ọmọ tí ń bẹ ní Kánò kò fi ní jẹ àǹfààní rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.