"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀" kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, mọ bí wọ́n ṣe máa dá a lóhùn: "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Torí gbólóhùn yìí ni mo fi ní ó yẹ kí ilé ìwé máa kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò nìkan.

Ẹ rántí ìdánwò JAMB ọdún 2025. Nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde, nínú àwọn ọmọ bíi mílíọ̀nù 1.9 tó ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba 200 nínú 400. Ariwo ta: wọ́n ní TikTok ló bà wọ́n jẹ́, wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, fi omijé sọ pé àṣìṣe wà nínú ètò àwọn. Ọmọ 379,997, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Wọ́n ti da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀, kí ti ọmọ kan má bàa bá ti ẹni tó jókòó tì í mu. Àtúnṣe tó yẹ kó bá ètò tuntun yìí rìn kò dé orí àwọn server tó ń ṣiṣẹ́ fún àgbègbè méjèèjì yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fìdí rẹmi ni àṣìṣe yìí kàn o, àmọ́ àwọn tó kàn ti jẹ èébú tán kí òótọ́ tó jáde.

Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí mọ ọ̀rọ̀ Post Office àti ètò Horizon tí Fujitsu ṣe. Láàrin 1999 sí 2015, ó lé ní 700 èèyàn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n dá lẹ́bi nílé ẹjọ́, torí kọ̀ǹpútà ní owó wọn ò pé. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn dí owó tí kò sọnù. Òfin ibí gbà pé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dáadáa, àyàfi tí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń ta sítáàǹpù ṣe máa rí irú ẹ̀rí yẹn? Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin tó wẹ̀ wọ́n mọ́. Lọ́yà wà níbẹ̀, adájọ́ náà wà níbẹ̀. Ìwé ò wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ẹ̀rọ ni wọn ò mọ̀.

Ẹni tó bá ní gbogbo ọmọ kọ́ ló máa di programmer, òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa kọ́ náà la di dókítà, síbẹ̀ wọ́n kọ́ wa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká ara, kí ẹni tó ń polówó oògùn gbogboǹṣe nínú mọ́lùẹ́ má bàa fi wá jẹ. PhD tí mò ń ṣe gan-an, ti ìtàn ni. Àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ̀rọ ló sì ń bá mi wá ọ̀rọ̀ inú wọn. Ẹ̀rọ tó bá ti yọ àmì kúrò kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Á tún kó oko mọ́ ọn. Tó bá ní òun ò rí orúkọ ẹnì kan, ìyẹn ò sọ pé ẹni náà ò gbáyé rí.

Àwọn kan á ní iná ò sí, kọ̀ǹpútà ò tó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa: monitor, keyboard, mouse, Charles Babbage ni bàbá kọ̀ǹpútà. A há a sórí, a gba máàkì, ó parí. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè mẹ́wàá kan náà sí oríṣi ìwé méjì, kí ètò wọn yàtọ̀, kó wá fún àwọn ọmọ ní ìdáhùn oríṣi kan ṣoṣo pé kí wọ́n fi máàkì ìwé ara wọn. Ọmọ tó mọ̀wé jù á gba méjì, kíláàsì á dà rú. Kí olùkọ́ wá bi wọ́n: ta ló jẹ̀bi? Bébà àti bírò ti tó fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ṣe eré yìí á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní JAMB ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹsàn-án 2014 ni computing ti wà nínú ẹ̀kọ́ látorí ọmọ ọdún márùn-ún. Ó dáa. Tó bá wá di GCSE, ó di ti ẹni tó bá wù, àwọn ọmọbìnrin tó ń mú un kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi "nọ́ọ̀sì ni wàá ṣe" lé wọn kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà, ẹ̀rọ ló ń bá a ka iye oògùn tó ń wọ ara aláìsàn. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó mọ̀ tí ẹ̀rọ bá ṣì í kà?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ orí WhatsApp náà, ẹ gbọ́ o: kọ̀ǹpútà ogún tá a máa ń fi ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń fi aṣọ bò títí di ọjọ́ tí kọmíṣọ́nnà bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dín in kù sí márùn-ún, ká fi owó tó kù kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀rọ á máa ṣe ìdájọ́ lé àwọn ọmọ wa lórí, ìyẹn ti kọjá agbára wa. Ká ṣáà kọ́ wọn kí wọ́n lè bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kí lẹ rí sí i? Ẹ sọ tiyín.