Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èrò lórí Àwọn Olùdìmọ́-Àṣà nínú Ìjọ Àgùdà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn kan nínú Ìjọ Àgùdà ti ń sọ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lójú tiwọn, Ìjọ ti gbàgbé orísun rẹ̀ láti ìgbà tí Àpérò Vatican Kejì (1962–1965) ti fi àyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú ìsìn, tí a sì ṣe àtúntò Míísà ní 1969. Míísà àtijọ́ lédè Látìn ni wọ́n dì mú, ìdí nìyí tí a fi lè pè wọ́n ní olùdìmọ́-àṣà. Wọn kò pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè àti àṣà, nítorí ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀: ta ni ó ni àṣà, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe?

Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá ń gbé Ọ̀fà mọ̀ pé èdè Lárúbáwá ni Mùsùlùmí fi ń kírun, tí ó sì ń fi Yorùbá gbọ́ wàásí. Kò sí ẹni tí ó tìtorí èyí sọ pé kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà tòótọ́. Babaláwo pẹ̀lú a máa ki ẹsẹ Ifá tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di ìjìnlẹ̀ tí ọmọ ìwòyí kò gbọ́ mọ́, ẹnì kankan kò sì ní kí ó fi èdè ojoojúmọ́ rọ́pò rẹ̀. Èdè tí a yà sọ́tọ̀ fún ìsìn ní iyì tirẹ̀. Bí ẹni tí ó fi Látìn gbàdúrà láti kékeré bá rí i pé a kó ìwé orin rẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀, ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí olùkọ́ Yorùbá, tí ó ti rí ilé-ìwé níbi tí a ti ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn lè di ìyapa. Marcel Lefebvre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó dá Ẹgbẹ́ Pius Mímọ́ Kẹwàá sílẹ̀ ní 1970. Kì í ṣe àjèjì sí Áfíríkà: ó ṣiṣẹ́ ní Gabon láti 1932 títí di 1945, ó sì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Dakar títí di 1962, nígbà tí Hyacinthe Thiandoum, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi joyè àlùfáà ní 1949, gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1988, Lefebvre fi àlùfáà mẹ́rin joyè bíṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ Póòpù. Ní ọjọ́ kejì, Róòmù kéde pé òun àti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yọ ara wọn lẹ́gbẹ́. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ni Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, tí ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cotonou rí. Ọmọ Áfíríkà ni ó bá òyìnbó tí ó wá wàásù ní Áfíríkà wí. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún mú ìyà náà kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ọ̀hún ní 2009, ṣùgbọ́n aáwọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kò tán síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo olùdìmọ́-àṣà ni ó tẹ̀lé Lefebvre. Ní 1988 kan náà ni àwọn àlùfáà kan fi í sílẹ̀, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Peteru Mímọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Póòpù. Wọ́n ń fi Látìn ṣe Míísà, wọn kò sì kọ Póòpù sílẹ̀. Èyí fi hàn gbangba pé Látìn kọ́ ni ó da ilé rú. Ojú tí ẹni tí ó di àṣà mú fi ń wo ará ilé rẹ̀ ni ó da ilé rú.

Àwọn kan nínú wọn a máa fojú tín-ín-rín Míísà tí a fi Yorùbá ṣe. Ìtàn kò gbè wọ́n. Gíríìkì ni Ìjọ Róòmù kọ́kọ́ fi ń sìn kí ó tó yí sí Látìn, èdè tí ará ìlú gbọ́. Tertullian, ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi Látìn kọ ìwé ẹ̀sìn Kristi. Èdè tí a wá sọ di ti ibi mímọ́ yìí, èdè ará ọjà ni nígbà náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àtúnṣe kò dúró de Vatican Kejì. Láti 1947 ni iṣẹ́ ọnà Fadá Kevin Carroll ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Aréógun ará Òsì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, àti Làmídì Fákẹ́yẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ti gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà tí àwọn baba wọn ń gbà gbẹ́gi.

Ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo ju ti èdè lọ. Ní 1965, Àpérò náà sọ pé Ìjọ bu ọlá fún àwọn Mùsùlùmí, ó sì gba òmìnira ẹ̀sìn wọlé. Ní 1986, Póòpù John Paul Kejì pe àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo jọ sí Assisi láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Lefebvre bínú sí èyí gidigidi. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí ìgbàgbọ́ ni ó kà á sí. Nínú agbo ilé tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Mùsùlùmí, tí àbúrò jẹ́ Àgùdà, tí wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ sórí pẹpẹ. Yóò dé ìdí àwo oúnjẹ, yóò dé ibi ìgbéyàwó, yóò sì dé ibi ìsìnkú.

Àwọn aláṣẹ Ìjọ náà kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀bi tiwọn. Ìwé Àpérò lórí ìsìn, tí ó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, kò pa Látìn rẹ́ rárá. Benedict ṣí ilẹ̀kùn fún Míísà àtijọ́ ní 2007. Póòpù Francis dín àyè náà kù ní 2021, ó ní àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun ìyapa. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ọmọ kan sọ òkò lu ará ilé kí a lé gbogbo ọmọ kúrò lójú àgbàlá. Ẹni tí ó fẹ́ Látìn, tí kò kọ ará yòókù, yẹ kí ó rí ibi fi gbàdúrà.

Ẹ̀kọ́ olùkọ́ ọ̀la wà nínú èyí. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní oríkì, òwe àti ìtàn, kò gbọdọ̀ kọ́ ọ láti kórìíra ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ìjàkadì ni a mọ̀ mọ́ Ọ̀fà, ìjàkadì sì ní òfin: ẹni tí ó bá da ẹnì kejì kì í lé e kúrò ní ìlú. Kí àwọn olùdìmọ́-àṣà bá Ìjọ jà bí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n ń bá jà. Látìn lọ sí ọjà, Yorùbá náà lọ sí ọjà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.