Láti Ṣakí dé Ọ̀sà Èkó: Ẹ Jẹ́ Ká Dá Ẹja àti Ẹran Sí

Odò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, odò Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn nítòsí Ṣakí ló ti ṣẹ̀. Ó gba inú igbó ọba tí à ń pè ní Old Oyo National Park, ó dé ibi tí wọ́n sé e mọ́ ní Ìkéré lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ó kọjá l'Ábẹ́òkúta, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó, tó já sí òkun. Ohun tí ẹnìkan bá dà sí i lókè, ẹlòmíràn ni yóò bá a pàdé nísàlẹ̀. Ọdẹ Ìgbẹ́tì àti apẹja Màkókó lè má rí ara wọn rí láyé, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan ń kan ekejì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń dùn mí jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà lókè, omi á kù sínú kòtò kòtò láàárín àpáta. Ẹja tó kù á kó jọ síbẹ̀, àrọ̀, ẹpìyà, gbogbo wọn. Ibẹ̀ lẹni tó ń wá owó kíákíá máa ń gbé Gámálíìnì lọ, oògùn tí àwọn bàbá wa ń fọ́n sí kòkó nítorí kòkòrò. Á dà á sómi, á jókòó tì í. Kò ní í pẹ́ tí ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹnu sókè, tí wọ́n á máa jà fún èémí, tí ikùn wọn á sì dojú kọ ọ̀run. Á ṣa àwọn ńlá lọ sọ́jà, á fi ọmọ wọn sílẹ̀ kó jẹrà. Tó bá di alẹ́, ìgalà àti ẹtu tí kò ríbi mu omi mìíràn á wá síbẹ̀ kan náà. Màlúù àwọn darandaran á wá, ẹyẹ náà á wá. Ìyá kan á sì ra ẹja yẹn lọ́jà, á fi se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Lindane ló wà nínú Gámálíìnì. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi í sínú àdéhùn Stockholm pé kí a má lò ó mọ́ lóko, torí kì í tètè tán nínú ilẹ̀ àti nínú omi, ọ̀rá ara ènìyàn ló sì máa ń sápamọ́ sí. Òfin ilẹ̀ wa náà ka fífi oògùn pẹja léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró sétí gbogbo kòtò omi. Àwa tí a mọ ẹni tó ń ṣe é ládùúgbò ni a lè dá a lẹ́kun, tí a kò bá tìtorí pé ó jẹ́ ẹbí wa mójú kúrò.

Igbó ọba tí odò náà gbà kọjá, 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, inọ̀kí wà níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo rárá. Ẹni tó bá rò pé ẹran ìgbẹ́ kò lè tán, kó rántí kìnnìún. Nígbà tí àwọn oníwàádìí wá a káàkiri Nàìjíríà ní 2009, inú igbó ọba Kainji àti ti Yankari nìkan ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀ ẹranko ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má yìnbọn pa abo tó lóyún. Ẹ má sì dáná sígbó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti le, tí koríko ti gbẹ tán. Iná yẹn ń jó ọmọ ẹran tí kò tíì lè sáré, ó ń pa igi etídò. Bí òjò bá wá dé, ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò mọ́ á ṣàn wọ odò.

Ẹ wá bá mi dé etí ọ̀sà lówùúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹ wo abọ́ tí wọ́n kó ẹja wẹ́wẹ́ sí, ọmọ ẹpìyà, ọmọ ọ̀bọ̀kún, ọmọ bọ́ńgà, tí gbogbo wọn pò mọ́ edé. Ẹ gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ìfun ń hàn nínú. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun ló jẹ́ pé inú ọ̀sà àti lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ni ọmọ wọn ti ń dàgbà kí wọ́n tó padà sókun. Ẹni tó fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó wọn, iṣu èbù ló ń sè jẹ yẹn.

Mi ò sọ pé apẹja ìkà ni. Àwọ̀n ńlá wọ́n, owó epo wọ́n, ọmọ ń lọ iléèwé. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n wọ́ ìsàlẹ̀ òkun tún ń wọ ibi tí òfin 1992 ní kí wọ́n má dé, ìyẹn máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀. Wọ́n ń ya àwọ̀n tálákà, wọ́n ń kó ohun tó yẹ kó kàn án. Ìjọba gbọ́dọ̀ lé wọn. Ẹ̀yin apẹja Ìlàjẹ, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ẹ fi fóònù ya àwòrán orúkọ àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, kí ẹgbẹ́ yín gbé e lọ fún ìjọba. Bí ìjàpá òkun bá sì kó sínú àwọ̀n yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà á kó tó lè yé ẹyin. Nínú wọn ni èyí tó ń jẹ jẹlifíìṣì wà, tó ń rí ọ̀rá pọ́múwọ́tà lójú omi tó ń rò pé oúnjẹ òun ni. Gọ́tà àdúgbò wa ni ọ̀rá yẹn ti ṣàn lọ.

Dídá ẹja àti ẹran sí kì í ṣe ohun tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, wọn kì í pẹja, wọn kì í ṣọdẹ. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹja ibẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá olọ́jà, ẹ ní agbára tí ẹ kò tíì lò. Bí ẹ bá kọ ẹja wẹ́wẹ́ ní ọjà mẹ́ta léra, apẹja á wá àwọ̀n mìíràn. Ẹ bi ẹni tó gbé ẹja wá pé kí ló fi pa á. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má rà á.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àrọ̀ á wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin. Mo bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ etídò, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ pe ìpàdé kí àsìkò náà tó dé. Ẹ yan ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní í dẹ àwọ̀n sí títí àwọn ọmọ ẹja yóò fi jáde kúrò nínú koríko. Ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò, kí àlejò tó wá pẹja náà lè gbọ́.