Ọ̀nà Ìrújú Tí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yà

Ní Accra, ọ̀rọ̀ kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀: dumsor. Èdè Akan ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí iná kú, kó tún tàn. Tí iná bá lọ báyìí, tí tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, tí bátìrì fóònù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, eré wo ló kù fáwọn ọmọ? Ọ̀kan wà tí kò gbà ju ìwé ìṣirò alápòótí, pẹ́ńsù àti àtùpà lọ: kí ọmọ ya ọ̀nà ìrújú, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní maze, kí ẹlòmíì nínú ilé sì wá ọ̀nà jáde níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti wá ọ̀nà jáde nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Yíyà á ló le. Ẹni tó ń wá ọ̀nà ń ro tara rẹ̀ nìkan, àmọ́ ẹni tó ń yà á ní láti máa ro ohun tí ẹlòmíì máa rò tó bá dé oríta.

Ibi téèyàn ti lè rí àwòkọ́ṣe kò jìnnà ní Ghana. Lára àwọn àmì adinkra tí wọ́n ń gbẹ́ sára igbá ní Ntonso, nítòsí Kumasi, tí wọ́n sì ń fi omi dúdú tí wọ́n sè látara èèpo igi tẹ̀ sára aṣọ, ni Nkyinkyim wà: ìlà kan ṣoṣo tó ń lọ, tó ń ṣẹ́rí, tó tún ń lọ. Àwọn Akan máa ń fi sọ pé ọ̀nà ayé kì í gún. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Aṣọ adinkra kan tí Thomas Edward Bowdich gbà ní 1817 ṣì wà ní British Museum ní London. Nkyinkyim fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ìrújú o, torí kò ní oríta. Àmọ́ tí ọmọ bá fẹ́ mọ bí ojúlówó ọ̀nà ṣe ń yí kó tó débi tó ń lọ, kó wo àmì yẹn dáadáa.

Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú ọ̀nà ìrújú tó dáa fún olùbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan péré ló wọ̀ ọ́. Ká ní àpótí mẹ́wàá ló wà ní ìbú, mẹ́wàá ní òró. Àpótí 100 nìyẹn, ògiri tó sì wà láàárín wọn jẹ́ 180. Kí ọmọ kọ́kọ́ fa ojúlówó ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àbájáde, kó máa pa gbogbo ògiri tó bá là kọjá rẹ́. Lẹ́yìn náà, kó mú àwọn àpótí tí ọ̀nà ò tíì dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ṣí ògiri kan ṣoṣo láàárín rẹ̀ àti àpótí tí ọ̀nà ti dé. Tí kò bá fo ìkankan, ògiri 99 ló máa parẹ́, 81 á ṣẹ́ kù. Tó bá ka 100, ibì kan wà téèyàn ti lè máa yí po. Tó bá ka 98, ibì kan ti há.

Kó má fojú kéré kíkà yẹn. Ohun tó sábà ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé nígbà tí ọmọ bá ń fi báírò tẹ̀ lé ìlà pẹ́ńsù, á ṣèèṣì dí ojú ọ̀nà kan. Àbúrò rẹ̀ á wá a títí oorun á fi kùn ún, kò ní rí i, á sì rò pé òun ni kò gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì tí àṣírí bá tú, kò ní fọwọ́ kan òmíràn mọ́. Àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀ nìyẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Ọ̀nà èké tó kúrú kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó yẹ kó gùn, kó sì kọjú sí ibi àbájáde, nígbà tí ojúlówó á kọ́kọ́ pẹ̀yìn dà bíi pé ó ń padà sílé. Àwọn kan mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á fọwọ́ ọ̀tún kan ògiri, wọn ò sì ní gbé e kúrò títí wọ́n á fi jáde. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ nínú ọ̀nà onígi tí wọ́n gbìn ní Hampton Court nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn. Àmọ́ tí ibi tí wọ́n ń wá bá wà láàárín, tí ògiri tó yí i ká ò sì kan ògiri ìta níbì kankan, wọ́n á kàn rìn yí po ni, wọ́n á tún bá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó bá ti mọwọ́ 99 yẹn lè wá dán èyí wò.

Eré ọmọdé nìkan kọ́. Ní 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Greg Bright bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà ìrújú sínú pápá ní Pilton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1973, ó gbé ìwé kan jáde tó kún fún èyí tó yà. Ọmọ Accra ò nílò pápá. Ọjà Makola wà níbẹ̀, tí ọ̀nà tóóró àárín ìsọ̀ rẹ̀ máa ń rú àlejò lójú. Kó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ àwọn aláṣọ, kí ọ̀nà kan já sí ìdí àwọn ẹlẹ́ja, kí òmíràn já sẹ́yìn ẹni tó ń ta ìkòkò. Kí ibi àbájáde jẹ́ Tudu, níbi tí ọkọ̀ Aflao ti ń gbéra.